Àmì Tí Mo Fi Dá Bàbá Mi Dúró

Mọ́ńdè, 3 Fẹ́búárì 1975

Wọ́n pín iṣẹ́ fún wa ní sítúdíò tẹlifíṣọ̀n ilé-ìwé wa lónìí. Ọ̀gá Ìṣẹ́jú — orúkọ tí mo fún tíṣà wa nìyẹn, aago kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ — ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Efua ni dàrẹ́kítọ̀. Òun ló máa jókòó lókè lẹ́yìn gíláàsì, tí á máa pàṣẹ sí wa létí. Kwaku, kámẹ́rà. Wàhábì ará Asawase, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, òun ló máa di máìkì mú. Èmi, filọ́ọ̀ mánéjà. Ohun tí Efua bá sọ sí mi létí, èmi ni n ó fi ọwọ́ sọ fún àlejò láìla ẹnu. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn filọ́ọ̀ mánéjà. Èmi tí Bàbá ń pè ní Asọ̀rọ̀mágbèsì nílé.

Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, ní Alabar ní Kumasi níbí. Mi ò wọ ọkọ̀ trotro.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Ojú tì mí. Ìyá àgbà kan tó ń gbẹ̀bí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí wa ni àlejò wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Àkókò ń lọ. Efua ń ké sí mi létí: dá a dúró, Dinah, dá a dúró. Àmì tí wọ́n kọ́ wa ni kí n na ọwọ́ gba ọ̀fun ara mi kọjá, bí ẹni ń dúńbú ẹran. Sí ìyá àgbà? Ọwọ́ mi ò gbé e. Ó ń wò mí, mò ń wò ó, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Téèpù tán, ọ̀rọ̀ ìyá já sáàárín.

Ọ̀gá Ìṣẹ́jú kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn á gba ipò mi, èmi á máa ká wáyà títí a ó fi ṣèdánwò. Mo ní bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni. Ó ní sítúdíò kì í ṣe ilé.

Ẹtì, 7 Fẹ́búárì

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo jẹ iṣu mi, mo sùn.

Túsìdeè, 11 Fẹ́búárì

Mo gbé. Ètò tó kàn dá lórí àwọn oníṣòwò àtijọ́ ní Kumasi. Ẹni tí Efua pè ń ṣàìsàn. Ni Wàhábì, ẹlẹ́nu bí ilẹ̀kùn, bá ní: bàbá Dinah ńkọ́? Ṣebí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Alabar. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Wọn ò mọ Bàbá mi. Tí wọ́n bá ní kí Bàbá ṣe ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá á ti máa bó ẹ̀pà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni á ti bẹ̀rẹ̀, á gun ọkọ̀ akẹ́rù, á dé Kumasi, á wá dé ọdún 1969 tí ìjọba Gánà lé àwa àjèjì. Tó bá ti débẹ̀, ó parí — kò ní dákẹ́ mọ́.

Mo jíṣẹ́ fún un. Ó ní àṣé ilé-ìwé yẹn ní ọgbọ́n lórí. Agbádá ti wà lórí okùn, ó ń gba atẹ́gùn.

Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá lẹ́yìn ìsìn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi orúkọ ilé pè mí: “Fọlá, ìwọ náà ò fura? Tí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ bá ti pọ̀ jù níwájú àlejò, ṣebí omi ni mo máa ń gbé wá, màá kúnlẹ̀. Àgbà kì í rí ẹni tó kúnlẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń fi ìkúnlẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́.”

Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò sí ìkúnlẹ̀ nínú àmì tí wọ́n kọ́ wa.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Mo dúró níwájú dígí, mo fi ọwọ́ gba ọ̀fun kọjá. Ó dà bíi pé mò ń ṣépè.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Bàbá dé. Ó kí gbogbo wa tán kó tó jókòó, títí kan ẹni tó ń tan iná. Èdè Twi ló sọ, Twi olóhùn Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì dùn ún gbọ́. Mo gbé ìka méjì sókè: ìṣẹ́jú méjì ló kù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbé ẹyọ kan. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti dé 1969, ó ń di ẹrù. Efua ń ké. Ọ̀gá Ìṣẹ́jú ń wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì. Mo gbé ọwọ́ dé igbá àyà, kò lọ sókè mọ́.

Mo bá kúnlẹ̀. Lábẹ́ kámẹ́rà Kwaku, orókùn méjèèjì.

Bàbá dákẹ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “A lọ, a sì padà wá. Ọmọ mi ló kúnlẹ̀ yẹn.” Ó wá bọ́ sí Yorùbá, ojú rẹ̀ ń wo ojú mi: “Wọn ò ní lé ìwọ náà kúrò níbi iṣẹ́ rẹ.”

Ta ni kò ní ṣe àmín? Ó jáde lẹ́nu mi, gbangba. Wàhábì náà ṣe tiẹ̀, pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́.

Téèpù ò tíì tán.

Ẹtì, 21 Fẹ́búárì

A jọ wo téèpù. Bàbá mọ́ roro nínú agbádá rẹ̀. Ìparí dé, àmín méjì dún láti ibi tí kò sí èèyàn. Kwaku fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọ̀gá Ìṣẹ́jú béèrè ohun tí bàbá náà sọ. Wàhábì túmọ̀ rẹ̀ fún un, kò yọ nǹkan kan. Ọ̀gá wo aago rẹ̀ pẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ó ní òun ò lè bá àdúrà jà, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí n máa ṣe àmín sínú.

Ayọ̀ mi kún. Mo délé, mo dojú kọ Màmá: ẹ sọ fún Bàbá, àbí? Ó búra pé òun ò sọ.

Bàbá ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Asọ̀rọ̀mágbèsì jẹ iṣu tán lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí ló lè pa á lẹ́nu mọ́ bí kò ṣe iṣẹ́ sítúdíò? O rò pé mi ò rí i?”