Ìlà Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti ta ilé alájà méjì yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ni ín—Kábíyèsí, bí mo ṣe ń pè wọ́n níkọ̀kọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n bá àwọn wá ẹni tó máa rà á, torí ajẹ́ǹtì ilé ni mí. Mo wá a rí, nọ́ọ̀sì kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú un lọ wo ilé, ọmọ lẹ́yìn mi. Òní ni mo débẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Òun àti Kábíyèsí ti lọ parí ẹ̀ láàárín ara wọn, láìsí èmi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún Adákẹ́, ọkọ mi? Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mi ò sọ. Mo se oúnjẹ láìfi iyọ̀ sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, kò wí nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 5
Mo pe Kábíyèsí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa àtàtà, èwo ni ti owó ajẹ́ǹtì láàárín ẹbí? Tí mo bá jẹun nílé yín, ṣé wàá gbé rìsíìtì wá?” Mo ní ẹ má bínú sà, ẹ̀yin lẹ ṣèlérí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní níbo ni mo kọ ọ́ sí.
Háà. Ibẹ̀ gan-an ni. Fọ́ọ̀mù tí onílé máa ń buwọ́ lù kí a tó mú ẹnikẹ́ni wo ilé—wọ́n buwọ́ lù ú o. Ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti nà án sí wọn. Ojú tì mí láti kọ iye tí wọ́n máa fún mi. Mo fi ìlà yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì yí fọ́ọ̀mù náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Ṣé ilé lo tà ni, àbí o ta onílé lọ́rẹ?” Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu náà lágbára tí ẹlẹ́rìí bá wà. Tí mi ò bá mú ẹlẹ́rìí wá lọ́jọ́ Ajé, kí n kó ẹrù mi.
Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Kábíyèsí ṣèlérí? Èmi. Kábíyèsí. Ọmọ lórí itan mi. Àti Adákẹ́, tó ń kan ẹsẹ̀ àga tó yẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Nọ́ọ̀sì gbé fóònù. Kábíyèsí ti sọ fún un pé ẹbí ni wá, pé wọ́n ti fún mi ní tèmi. Ó ní òun máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo mú òun wo ilé. “Ìwọ lo fi ibi tí òrùlé ti ń jò hàn mí. Onílé ò wí.” Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òun kọ́ ló gbọ́ ìlérí náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo sọ fún Adákẹ́. Ó ń fá irùngbọ̀n. “Wọ́n ta á?” Ó fọ ojú ẹ̀, ó nù ún. “Ẹ̀gbọ́n ló san owó ilé ìwé mi.” Mo ní mo mọ̀. Mo ní ṣé o gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣèlérí? Ó gbé ọmọ jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Kábíyèsí yọ sí wa láàárọ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ọmọdé. Wọ́n dúró sáàárín pálọ̀. “Mi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Àbí àbúrò mi, o gbọ́ ìlérí kankan lẹ́nu mi?”
Adákẹ́ ń wo ilẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.
Wọ́n fọwọ́ gbá a léjìká. “Ìyàwó wa, o rí i bí?”
Mo tún àwọn abọ́ tó ti mọ́ fọ.

Ọjọ́ kan náà, lọ́sàn-án
Ẹnikẹ́ni ò ka ìwé yìí rí. Mo máa ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí o fi ń fá irùngbọ̀n. Adákẹ́—bí mo ṣe ń pè ọ́ nínú ẹ̀ nìyẹn, má bínú. Mi ò ní kí o bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà. Ohun tí etí rẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ni kí o kọ sísàlẹ̀ ibí, ì báà ṣe ìlà kan. Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn kí n tó jáde láàárọ̀ ọ̀la.