Gírísì Lẹ́nu Sìlíńdà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé o ń rí oorun sùn, àti pé ẹnu rẹ ń jẹun. Ara tèmi le. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Gírísì, wà láàyè. Mo fi èyí ṣáájú kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá kà á dé ìsàlẹ̀. Wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò pé mọ́.

Páálí tí o fi ránṣẹ́ dé láìfọ́. Mo tú u sórí tábìlì tí mo ti máa ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe: sìlíńdà gáàsì aláwọ̀ búlúù, èyí tó ń fi agbára eré kún ẹ́ńjìnì, páìpù tí wọ́n fi irin hun, súwíìṣì, àti ìwé pélébé tó sọ bí a ṣe ń tò ó. O ní kí Bàbá Gírísì fi í sínú ọkọ̀ rẹ kí o tó dé, torí pé Kòdúró tí ẹ jọ ń du ipò kìíní ń fọ́nnu káàkiri pé eruku ẹ̀yìn òun ni o máa mu ní pápá ìje. Ká ní èmi ni o bi ni, ǹ bá ti jù ú sódò. O kò bi mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni o bi, nítorí o mọ ẹni tí kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu.

O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù wọn. Nọ́ọ̀tì kan kì í wọlé láìjẹ gírísì. Wọ́n á ní irin tó bá gbẹ, ìjà ló ń wá. Ìwọ gan-an ti jẹ ìgbátí lórí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí o di bọ́ọ̀tì kan ní gbígbẹ, etí rẹ sì hó títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo àwa tí a jọ wà nínú ọgbà yẹn la máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, ìṣó pósí wọn á kọ́kọ́ jẹ gírísì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn kì í bá ẹni tó fẹ́ tú u jà, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Mo ka ìwé náà sí wọn létí. Ó ní epo, ọ̀rá tàbí gírísì kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu sìlíńdà tàbí páìpù rẹ̀. Gáàsì yìí fúnra rẹ̀ kì í jó, ṣùgbọ́n oúnjẹ iná ni. Ohun tó bá ń jó, á sọ ọ́ di wèrè. Bó bá sì fi agbára ya lu gírísì nínú páìpù tóóró, gírísì náà lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bàbá Gírísì ní ẹni tó kọ ìwé yẹn kò tíì rí ìpẹtà rí. Mo ní bí wọ́n bá fi gírísì kan ibẹ̀, màá gé ọwọ́ wọn. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. A pariwo lé ara wa lórí débi pé àwọn tó ń kun ọkọ̀ lódìkejì jáde wá wòran. Nígbà tó rẹ̀ wá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ oníbàárà kan, mo fi eyín di wáyà mú, nígbà tí wọ́n ń de páìpù mọ́ sìlíńdà nínú búùtù ọkọ̀ rẹ. Ìfẹ́ ló sún wọn ṣe é. Wọn kò fẹ́ kí ìpẹtà gbá ẹnu sìlíńdà ọmọ wọn pọ̀, wọ́n sì rọra fi gírísì pa á lára, díẹ̀, bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìró tó jáde gbá mi láyà, mo fi orí sọ irin. Páìpù já, ó ń na gbogbo ohun tó wà nítòsí: ó fọ́ iná ẹ̀yìn ọkọ̀, ó la ojú páànù, ó sì gba ọwọ́ Bàbá Gírísì kọjá. Iná bẹ́ jáde láti inú búùtù. Mo bá wọn ní ìdúbúlẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀gísọ́ọ̀sì àtijọ́, irun ojú wọn ti jó tán, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n ń wò ó. Ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń tú, ó ń dà pọ̀ mọ́ gírísì tó wà lápá wọn, gbogbo ibi tí mo bá dì mú ló ń yọ̀ bọ́. Mo já ìborí mi, mo fi wé ọwọ́ náà, mo sì fi wáyà dè é pinpin. Àwọn akunkọ̀ ló fi yanrìn pa iná.

Kòdúró dé sí àárín èyí. Ó wá yọjú wo ohun tí a ń ṣe sí ọkọ̀ rẹ ni, ó sì dúró lẹ́nu géètì, ó ń fi fóònù ya fídíò. Mo ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá ká fi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ á ba àga òun jẹ́. Ọmọ mi, sípánà tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo gbá a léjìká, mo gbá a lórúnkún, nígbà tó sì ṣubú mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ìje rẹ̀ ni mo wà dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ sì ba àga náà jẹ́ dáadáa. Ó ṣì ń tiro. Ó ní òun máa fẹjọ́ mi sùn. Mo ní kó mú fídíò rẹ̀ dání lọ.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé hámà, mo kọjú sí ọkọ̀ rẹ. Mo fọ́ gíláàsì iwájú, mo fọ́ dígí méjèèjì, mo lu bọ́nẹ́ẹ̀tì títí apá mi fi kú. Mo ń ṣẹ́ èébú lé ọ lórí bí mo ṣe ń lù ú. Ká ní o wà nítòsí ni, mi ò mọ ohun tí hámà náà ìbá bà. Mo búra pé ọkọ̀ yẹn kò ní kúrò lójú kan mọ́ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló yí mi lọ́kàn padà. Nígbà tí ojú wọn wálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn kò bèèrè ìka wọn. Wọ́n ní gírísì ni, àwọn ni àwọn fi í síbẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ. Mo ní kí wọ́n sinmi, mo ti fọ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n fi ọwọ́ òsì fà mí mọ́ra, wọ́n sì sọ ohun tí mi ò rò pé etí mi lè gbọ́ láé:

“Tún un ṣe. Bí a ò bá fi gáàsì náà sí i, ọmọ yẹn á gbé e lọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, á sì kú. Ìwọ ni kí o fi í sí i. Gbígbẹ ni kí o fi í sí i.”

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò fi pa mọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lórí fóònù pé ẹnìkan wà lọ́dọ̀ yín tó máa ń fi iná àwọn ajórinmọ́rin yan sìlíńdà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Ẹni tó bá ń fi iná yan sìlíńdà, ikú ló ń sè.

Nítorí náà, mo fi í sí i. Sìlíńdà àti páìpù tó jẹ ìyà ọjọ́ yẹn, mi ò lò wọ́n mọ́; tuntun ni mo rà. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí kò tíì kan epo rí, mo fi ìfọrin tó máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ fọ gbogbo ojú irin, mo sì dúró títí ó fi gbẹ. Irin méjì gbá sìlíńdà náà mọ́ ilẹ̀ búùtù. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dojú dé, kò ní kúrò. Ibi tí gáàsì máa ń gbà sá jáde bí agbára bá pọ̀ jù, mo fi páìpù fà á lọ sábẹ́ ọkọ̀, kó má baà kún inú ọkọ̀ mọ́ ọ lórí. Àfi bí o bá tẹ pẹ́dàlì kanlẹ̀ ni gáàsì tó lè jáde, bí epo bá sì fà sẹ́yìn lójijì, á ti ara rẹ̀ pa. Torí bí gáàsì bá wọ ẹ́ńjìnì tí epo kò bá a wọlé, písítínì á yọ́. Nínú àwọn ẹnu kéékèèké inú páálí tí gáàsì ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, èyí tó kéré jù ni mo lò. Má dán an wò pé o fẹ́ fi ńlá sí i. Lójú pópó, dé sìlíńdà pa. Pápá ìje nìkan ni kí o ti ṣí i, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí òtútù bá mú un, aṣọ oníná tó bá a wá ni kí o fi wé e.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wà á. Mo ní bó bá máa pa ẹnìkan, kó pa ìyá kó tó pa ọmọ. Mo tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ ní pápá ìje, ọkọ̀ náà sì gbá ẹ̀yìn mi mọ́ àga, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, mo bu ahọ́n mi jẹ, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n di ojú. Nígbà tí mo dúró, kò sí ohun tó bẹ́. Mo tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí súwíìṣì àgbà rẹ̀. Kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi mú un, ọwọ́ oníka mẹ́ta yẹn. Wọ́n ní àwọn kò ní gbé e sórí tábìlì, àwọn kò sì ní fi rán ẹnikẹ́ni. Bí o bá dé, o máa na ọwọ́ rẹ, o máa gbà á níbẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá lè gbà á, máa lọ sáré.

Kí Ọlọ́run má fi irin pa ọ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò lórí pẹ́dàlì. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ yẹn, kí n má rí i lára rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tó sì fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ,

Ìyá Oníwáyà.

Àfikún: Mo ti fi gíláàsì tuntun sí i, ṣùgbọ́n mo fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí mo ṣe lù ú, kí o lè máa wò ó bí o bá ń wakọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì pa gírísì sí ìdè ìlẹ̀kùn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún ń ṣe. Wọ́n ní ìlẹ̀kùn nìkan ni, kó lè ṣí kíá bí o bá ní láti sá jáde. Mo bá wọn di agolo náà mú.