Ọ̀dà pupa lára igi wa

Ọjọ́bọ̀, oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n ti gé igi fúrúùtù iwájú ilé wa. Ó ṣì ń ṣe mí bíi pé mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé e.

Ní ìjẹta, àwọn ará káńsù fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní Adó níbí, ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó ni wọ́n ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára. Ni Bàbá onílé bá sáré pe onígẹdú, kí káńsù má baà gé igi náà kó o lọ.

Ọ̀sán òní ni ọ̀gbẹ́ni kan láti káńsù dé. "Ta ló gé e? Àwọn tá ò fẹ́ kí wọ́n gé la sàmì sí o!"

Bàbá onílé ní, "Ṣé ọ̀dà funfun ti tán ní káńsù ni?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ooru kì í jẹ́ kí Màmá àgbà lè jókòó nínú ilé. Orí àga wọn ni wọ́n wà, níbi tí ibòòji igi náà wà tẹ́lẹ̀, nínú oòrùn gangan. Ọ̀gbẹ́ni náà ní àwọn á gbin òmíràn síbẹ̀.

Màmá àgbà bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé màá bá ibòòji rẹ̀?"

Ó wo ewú orí wọn. Ó ní àwọn á máa bomi rin ín dáadáa.