Àtẹ́wọ́ fún Ìyá Rẹ

Zaječar

Nebojša ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Sídínì. Igi ìdáná ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní í tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ò sì lọ sílẹ̀.

Dókítà ní ìyá rẹ lè má rí òpin ìgbà òtútù yìí. Bí ó bá kú, àwọn òṣèré fẹ́ tẹ́ ẹ sórí ìtàgé wa, kí ìlú pàtẹ́wọ́ fún un bí wọ́n bá ń gbé e jáde, bí a ti ń ṣe fún òṣèré tó bá kú. Àṣé ìwọ ti pe àlùfáà, o ní àtẹ́wọ́ níbi òkú, ìtìjú ni. Ojú ìyá rẹ ni àlùfáà ti sọ ọ́.

Ìyá rẹ ní, "Bàbá Nebojša, àádọ́ta ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ìlú yìí léré orí ìtàgé, tí mo tún ń sáré wálé wá dáná fún yín. Ṣé kí n wá yọ́ jáde bí olè ni?"

Mo ní kó má bínú.

"Dákẹ́ jàre, ojo! Ìwọ náà kọ́ lo bí i?"

Láti ọjọ́ náà, kò jẹun. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni fóònù wà, ni mo ṣe kọ̀wé.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé rẹ. Jọ̀wọ́, yí ọ̀rọ̀ rẹ padà lọ́dọ̀ àlùfáà. Lẹ́yìn náà, pe ìyá rẹ, kí ìwọ àtàwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.

Bàbá rẹ,
Svetozar