Mo Ki Ẹsẹ̀ Mi Bọ Ìkòkò Aró

Ìkátẹ, Oṣù Kẹwàá, 1976.

Nùsírátù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Yunifásítì o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé tí ò ń kà yé ọ ju bó ṣe yé bàbá rẹ lọ. Edé pọ̀ nínú ọ̀sà báyìí, ṣùgbọ́n mi ò lè wọkọ̀ lọ pa á, nítorí orúnkún yìí náà ni.

Hóró oògùn tó o rà fún mi ṣiṣẹ́ gan-an. Mo ń forí kanlẹ̀ kírun bí ọ̀dọ́, mo wá ń yọ ṣùtì sí àwọn àgbà tó ń kírun lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó tán, èmi náà bá ara mi lórí bẹ́ǹṣì, mi ò sì fẹ́ dà ọ́ láàmú. Ìgbà náà ni Mọ́rúfù tíṣà, tó ń bá mi kọ eléyìí, ka lẹ́tà rẹ sí mi létí. O ní oògùn yẹn, aró tí ìyá rẹ fi ń rẹ aṣọ, àti egbò asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń wo wèrè, ẹbí kan náà ni wọ́n, pé índólì ni orúkọ ìdílé wọn. Mo ní háà, bí ẹ̀gbọ́n ò bá sí nílé, ṣebí àbúrò là ń rán níṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá rẹ lọ sí Awóyáyà. Mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ìkòkò aró rẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n pe ìrun kí n tó yọ ọ́. Mo wọ ṣòkòtò funfun, mo bọ́ sí sàfù, ìlà iwájú ní mọ́ṣáláṣí. Mo forí kanlẹ̀ lóòótọ́, dídìde ni kò ṣeé ṣe. Ọkùnrin méjì ló gbé mi bí àpò gàrí, ẹní tuntun mọ́ṣáláṣí sì ti di àdìrẹ.

Ìyá rẹ dé, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìkòkò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Nùsírátù, ẹ̀yin àti Yẹ̀kínì àbúrò yín, ọmú kan náà lẹ jọ mu. Ọjọ́ wo ni Yẹ̀kínì mọ ọkọ̀ ọ́ tù bíi tiyín?" Asofẹ́yẹjẹ yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ lò, òun ló bá àìsàn mi mu.

Ọmọ mi, bẹ́ǹṣì yẹn ń dùn mí ju orúnkún lọ. Mo fẹ́ kí iwájú orí mi kan ilẹ̀ fún Ọlọ́run tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ. Jọ̀wọ́, fi oògùn náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, má fi ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́, kó o sì fi owó ẹní mọ́ṣáláṣí kún un. Wàá dàgbà débi tí orúnkún á fi máa dun ìwọ náà, ọmọ tìrẹ á sì mọ oògùn rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínsànyà ẹlẹ́sẹ̀ aró.