Ọkọ̀ Tí N Kò Kà ní Costain

Bàbá mi tó sùn sí Ògbómọ̀ṣọ́,

Ẹ má bínú pé láti ìgbà tí a ti sin yín, n kò tíì kọ̀wé. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ kíkà ní oríta Costain, níbi tí a ti ń kọ iye ọkọ̀ tó ń kọjá sínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá n ó pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó lọ́sẹ̀ tí ẹ dákẹ́ ló fà á. Ó ń ya àwòrán gbogbo ọkọ̀ tó bá gba oríta. Wọ́n ní ọkọ̀ nìkan ló ń wò. Kí ló dé tí wọ́n fi kọjú rẹ̀ sí ìdí bẹ́ǹṣì tí àwa tó ń kà jókòó sí? Bó ṣe ń ṣọ́ mi ni èmi náà ń ṣọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa fi ìwé mi wé ti ẹ̀rọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ló dín nínú tèmi. Wọ́n ní mo sùn. Ràúfù, tí a jọ ń kà, bú sẹ́rìn-ín: “Ará oko, ẹ̀rọ kì í sùn o!” Mo ní kí wọ́n fi àwòrán náà hàn mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí wọ́n fi gbà.

Bàbá mi, ọkọ̀ òkú ni, àti méjì tó tẹ̀ lé e. Mo ti rí wọn lọ́jọ́ náà. Ṣe ni mo gbé bírò sílẹ̀ tí mo ṣí fìlà, bí ẹ ti máa ń ṣe nínú abà. Bí òkú bá ń kọjá, ẹ ó dá iṣu kíkà dúró, ẹ ó di èkùrọ́ tí ẹ fi ń kà mú sọ́wọ́ títí wọn ó fi lọ.

Ọ̀gá ní bí mo bá tún fo ọkọ̀ kan, kí n máa lọ sílé. Ṣé kí n máa kà wọ́n ni, Bàbá? Ṣé ẹ ò ní bínú?

Nígbà tí a ń gbé òkú yín láti ọsibítù ibí lọ sílé, Costain la gbà. Iwájú ọkọ̀ ni mo jókòó sí. Mo rí Ràúfù kan náà tó fi mí rẹ́rìn-ín yìí, tó gbé bírò sílẹ̀, tó ṣí fìlà. Mo gbójú sókè wo òpó. Ó dá mi lójú pé ẹ̀rọ yẹn kà yín.

Lọ́la n ó padà síbẹ̀. Bí òkú bá kọjá, kí wọ́n lé mi. Ẹ̀rọ ò ní fìlà tí yóò ṣí.

Èmi ni, ọmọ yín olóríkunkun, tó ń dé fìlà yín.