Onígbọ̀wọ́ Tó Lé Ayálégbé Rẹ̀ Síta

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi háyà ní àdúgbò wa, Tokoin. Àlàájì kan mú télọ̀ kan wá. Ó ní, “Mo ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.”

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ náà nìkan padà wá. “Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ilé Àlàájì yẹn gan-an ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀. Mi ò sanwó oṣù mẹ́ta, ló bá kó ẹrù mi síta.”

Inú bí mi! Ṣé ààtàn nilé mi ni, tí Àlàájì fi ń da ohun tó sú u síbẹ̀?

Ìyàwó télọ̀ ṣì jókòó ti ẹrù wọn níta ilé Àlàájì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gba ẹni tó jẹ gbèsè, tí kò sì purọ́?